Ẹni Tó Ń Fa Oògùn Kì í Dáhùn Ìkíni

Nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, wọ́n lè gbàgbé láti bi ọmọ bóyá ó ti jẹun, wọn ò ní gbàgbé láti bi í bóyá ó ti kí ará ilé. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó jókòó, ẹni tó ń ti oko bọ̀, ẹni tó ń dirun lọ́wọ́, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn tó fi fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyá mi a máa sọ pé orúnkún tí kò bá kúnlẹ̀ nígbà tó rọ̀, làkúrègbé ni yóò kúnlẹ̀ fún nígbà tó bá le. Mi ò mọ ibi tó ti rí òwe yẹn. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, nítorí èmi nìkan ló máa ń pa á fún.

Ẹ wá wo bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin jẹ́ pé ìgbà kan ń bẹ lójúmọ́ tí àgbà yóò kí mi, tí mi ò sì gbọdọ̀ dáhùn.

Obìnrin tó ṣe òfin náà ni olórí wọ́ọ̀dù wa. Sístà ni gbogbo wa ń pè é, àtàwọn dókítà, àtàwọn tó ń nulẹ̀. Ọmọ Odògbólú ni, ó kúrú, ó sanra níwọ̀nba, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé bó bá bú ọ, wàá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dùn ọ́. Bí ó bá rí nọ́ọ̀sì tó ń sáré láàárín bẹ́ẹ̀dì, yóò ní, "Ṣé wọ́n ń lé ọ ni? Sọ fún wa ká jọ sá." Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá dúró nídìí tábìlì oògùn, gbogbo ẹ̀fẹ̀ yẹn á tán lójú rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn nílé ayé yìí. Mi ò tíì rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wù mí wò tó báyẹn.

Tábìlì náà wà ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù, lábẹ́ fèrèsé tó ń gba oòrùn àárọ̀. Ibẹ̀ la ti ń po oògùn tó ń gba inú iṣan wọlé, tá a sì ń fà á sínú sírínjì. Sístà ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kìíní pé oògùn ẹnu, bí ènìyàn bá tiẹ̀ ṣì í lò, ikùn lè dá a padà. "Ṣùgbọ́n èyí tó bá gba inú iṣan wọlé ti lọ nìyẹn. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti dé ọkàn. O ò lè pè é padà, bó o tiẹ̀ pohùn réré ẹkún." Nítorí náà, ẹni tó bá ń fa oògùn kò gbọdọ̀ gbọ́ nǹkan mìíràn, kò gbọdọ̀ sọ nǹkan mìíràn. Wọn kì í pè é, kì í dáhùn.

Òfin yẹn rọrùn láti pa mọ́ ní ìlú òyìnbó. Ní Ìjẹ̀bú, ta ni yóò gbà pé ọmọdé gbọ́ ìkíni kó sì yí ẹ̀yìn sí i? Sístà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dá àṣà kan sílẹ̀ tí mi ò rí níbòmíràn. Kó tó fọ ọwọ́, yóò kọ́kọ́ kí gbogbo wọ́ọ̀dù. Yóò lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, yóò kí aláìsàn, yóò kí ẹni tó wá tọ́jú aláìsàn, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè ilé, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀ fún ẹni tó bá jù ú lọ. Ó ń san ìkíni sílẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà yóò dúró láàárín gbọ̀ngàn, yóò gbé ohùn sókè: "Mo ti kí yín tán o! Bí mo bá ti dédìí tábìlì yìí, mo ti di odi. Ẹ má bínú, ẹ má sì pè mí."

Ó dùn mọ́ àwọn aláìsàn. Wọ́n di olùṣọ́ fún un. Bí àlejò bá wọlé tó fẹ́ lanu, ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ á ti nawọ́ sí i pé kó dákẹ́, Sístà wà nídìí oògùn. Mo ti rí ìyá kan tó ń jẹ̀rora inú, tó fi ìrora sílẹ̀ láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pariwo wọlé jà.

Fún bí oṣù kan, ohun tí mo ṣe kò ju pé mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n máa wò. Ní wọ́ọ̀dù yẹn, nọ́ọ̀sì tuntun kì í dá fún ènìyàn ní oògùn iṣan títí Sístà yóò fi fúnra rẹ̀ sọ pé ó tó. Ó kọ́kọ́ kọ́ mi ní ọwọ́ fífọ̀. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ó wo ọwọ́ mi tó ń kán omi, ó ní, "Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ìwọ yìí, ebi á pa ọ́." Ó ní mo gbàgbé àtàǹpàkò. Láti ọjọ́ yẹn, àtàǹpàkò mi ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀, títí di òní, àní bó bá ṣe ẹ̀bà ni mo fẹ́ jẹ.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ìgò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn apakòkòrò wa, lẹ́búlẹ́bú funfun ni wọ́n wà nínú ìgò kékeré tó ní ìdérí róbà. Wàá ka orúkọ ara rẹ̀, wàá fi òwú tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì nu orí róbà náà, wàá sì dúró kó gbẹ. Ibi "dúró kó gbẹ" yìí ni ó ti máa ń mú wa. Ìkánjú ń bẹ lára ọmọ ènìyàn. Sístà a máa káwọ́ pọ̀ mọ́ àyà, á máa wo fèrèsé, bí ẹni tí kò níṣẹ́ kankan láyé, títí sípíríìtì yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló máa tó fi abẹ́rẹ́ gbé omi wọnú ìgò. Kì í gbọ̀n ọ́n. Àárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló ti ń yí i, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí lẹ́búlẹ́bú yóò fi yọ́ mọ́ omi. Ó ní ẹni tó bá ń gbọn ìgò oògùn ń wá ìfófòó, kó lọ máa fọ aṣọ.

Bó bá yọ́ tán, yóò gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, yóò wò ó wọnú wọnú. Yóò tún ka orúkọ rẹ̀. Yóò fà á, yóò fi ìka ta ara sírínjì kí afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ lè gòkè, yóò tì í jáde, yóò tún ka orúkọ ara ìgò lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó jù ú nù. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó fi ń ka ohun kan náà léraléra, nígbà tó ti ń rí oògùn yẹn lójoojúmọ́ láti ọdún gbọọrọ. Ó ní, "Ìdí nìyẹn. Ohun tójú bá ti mọ̀, ojú kì í wò ó mọ́. Máa kà á bí ẹni tí kò rí i rí." Ọwọ́ obìnrin yẹn kì í yára, kì í sì í falẹ̀. Bí mo bá délé lálẹ́, ife omi ni mo ń gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀, tí àbúrò mi ń bi mí bóyá májèlé ni mo ń wá.

Ọjọ́ kan dé tó ní kí n fa oògùn kan lójú òun. Mo ti kí gbogbo wọ́ọ̀dù, mo ti fọ ọwọ́, àtàǹpàkò kọ́kọ́. Ìgò wà lọ́wọ́ kan, sírínjì wà lọ́wọ́ kejì. Àfi bí alàgbà kan láti ìjọ wa ní Ìmùṣin ṣe wọlé wá kí ẹbí rẹ̀ kan. Bàbá yìí ló kọ́ mi ní Bíbélì nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn. Kí ẹni bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ tó lè nawọ́ sí i, ó ti ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Mi ò pinnu láti kúnlẹ̀. Orúnkún mi ló pinnu. Kí n tó mọ nǹkan tí mo ń ṣe, mo ti wà nílẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, sà," oògùn ti tú sí mi láyà, abẹ́rẹ́ wà lókè bí àsíá. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde.

Sístà kò pariwo. Ó gba sírínjì lọ́wọ́ mi, ó jù ú síbi tó yẹ, ó ní, "Orúnkún rẹ dára. Ẹni tó tọ́ ọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúnkún kọ́ la fi ń fa oògùn." Ó bá yí padà, ó lọ bá bàbá náà, ó fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i fún mi, ó sì ṣàlàyé àṣà wa fún un pẹ̀lú ẹ̀rín, débi tí bàbá fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wò ó láti ibi tí mo wà. Ìyá mi nìkan ni mo rò pé ó lè kúnlẹ̀ fún ènìyàn nítorí mi. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn obìnrin náà.

Nígbà tó yá, ó sọ ọ́. Ó wò mí tí mo fa oògùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, "Ó tó." Inú mi dùn débi pé mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò tó ń gbé mi relé.

Àfi bí aláìsàn kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá ṣe dé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìbẹ̀fún ló ń gbé, ọ̀gá ilé-ìwé ló sì jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá a jà, egbò kan ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kẹ̀, ó ti ń dúdú. Dókítà sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé oògùn apakòkòrò gbọ́dọ̀ máa wọ inú iṣan rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kò gbọdọ̀ yẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ náà yóò lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti sá pamọ́ tán. Sístà ló rí ọ̀kan ṣoṣo. Ó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dì í lápá, ó jẹ́ kí ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó di ojú, ó sì ń fi ìka wá a bí ẹni ń wá ẹ̀gún tó ṣẹ́ sínú àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ. Nígbà tó rí i, ó ki ọ̀pá róbà tín-ín-rín náà wọ̀ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lápá. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà tá a ní.

Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo ìyẹn, èmi àti Màmá ti jà, bẹ́ẹ̀ mi ò la ẹnu. Ìgbà tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í wọlé, mo wà nídìí tábìlì. Mo ti kí gbogbo ilé tán kó tó dé. Òun ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n tì í gba ẹ̀yìn mi kọjá. Ó dúró de ìkíni. Mo mọ̀ pé ó ń dúró. Ẹ̀yìn ọrùn mi mọ̀ ọ́n. Mi ò yí padà. Mo gbọ́ ohùn olùkọ́, ohùn tó ti dá ogunlọ́gọ̀ ọmọ dúró lórí ìlà: "Ọmọ yèsí rèé?" Ẹnikẹ́ni kò sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó tún ní, "Nọ́ọ̀sì." Mo ń fa oògùn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mi ò dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Sístà ti lọ sílé, oògùn Màmá sì kàn mí. Mo pò ó, mo fà á, mo gbé e dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo kúnlẹ̀ pátápátá, mo kí i. Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ aṣọ.

"Ẹnu tí kò kí mi lánàá," ó ní, "ọwọ́ rẹ̀ kò ní kàn mí lónìí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ nípa tábìlì, nípa òfin, nípa bí oògùn iṣan kì í ṣeé pè padà. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí, bí olùkọ́ ṣe máa ń gbọ́ ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àlàyé kì í ṣe ìkíni." Ó bá kọjú sí ògiri.

Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé kí ó máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, bó bá wù ú. Kò pẹ́ tí mo rántí àtàǹpàkò dúdú yẹn, ìbínú náà sì di ẹ̀rù. Mo sáré wá nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ó wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dí, oògùn náà sì ti pẹ́ kó tó wọlé. A ò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá yẹ̀ lónìí, tó yẹ̀ lọ́la, kòkòrò ẹsẹ̀ kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn nípa ìkíni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo rò ó fún Sístà. Mo rò pé yóò lọ bá Màmá wí, tàbí kó bẹ̀ ẹ́. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó fún un ní oògùn àárọ̀, wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sán pọ́n, tó yẹ kó ti gbé báàgì rẹ̀ máa lọ sílé, ó lọ gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó gbé Màmá sórí rẹ̀, ó fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó sì tì í wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oògùn. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹ ṣe ń wo iṣẹ́ àwọn tíṣà tuntun nígbà yẹn. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ sọ fún mi, mi ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan yín mọ́."

Màmá wò ó. Ó wò mí. Ó ní kí wọ́n bá òun mú jígí ojú òun wá.

Mo mọ̀ pé bí mo bá ṣe àṣìṣe, Sístà kò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo tún lọ kí gbogbo wọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi Màmá ṣe ìkẹyìn, mo kúnlẹ̀, ó mi orí díẹ̀. Mo fọ ọwọ́. Mo mú ìgò láti inú àpótí oògùn rẹ̀, mo kà á bí ẹni tí kò rí i rí. Mo nu orí róbà, mo dúró kó gbẹ. Ìdúró yẹn gùn bí ìwàásù ọjọ́ ìkórè. Mo ń gbọ́ mímí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó dán mi wò. Ó ní, "Kí ni orúkọ bàbá rẹ?" Mo ń fi omi sínú ìgò. Ó ní, "Ilé-ìwé wo lo lọ ní Ìmùṣin?" Mo ń yí ìgò láàárín àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ohun tí ìyá mi fi sínú egungun mi ń pariwo pé kí n dáhùn, àgbà ló ń bi ọ́. Mo gbé ìgò sókè sí fèrèsé.

Nǹkan kan wà níbẹ̀. Kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀rúnrún róbà ni, abẹ́rẹ́ ló ha á láti ara ìdérí, ó ń léfòó nínú oògùn. Mo yí ìgò náà, mo tún wò ó. Ó ṣì wà. Mo lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ta ni ìbá mọ̀? Mo ju ìgò náà nù, mo ju sírínjì nù, mo padà lọ fọ ọwọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò mìíràn.

Ibẹ̀ ni ọmọ Màmá dé, èyí tó ń gbé ní Èkó. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ohùn rẹ̀ kún ilé. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ǹlẹ́ o. Kí ni Màmá ń ṣe níbí?" Mo ń dúró kí sípíríìtì gbẹ. "Nọ́ọ̀sì! Ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?" Mo gbọ́ ọ. Sístà wà lẹ́yìn mi. Ọkùnrin náà súnmọ́ tábìlì, ó ní, "Àbí irú ìwà àfojúdi wo rèé?"

"Dákẹ́!"

Màmá ni. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dá ẹnu dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé. "Ṣé o ò rí i pé oògùn mi ló ń fà? Lọ dúró níbẹ̀ yẹn."

Ó lọ dúró níbẹ̀ yẹn.

Mo fa oògùn náà tán. Mo ti afẹ́fẹ́ jáde, mo ka ara ìgò, mo jù ú. Mo yí padà láti wo Sístà, kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, àbí kí ó kàn wò mí lójú. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti lọ sí ìpẹ̀kun kejì wọ́ọ̀dù, ó ń tún ìrọ̀rí ìyá kan ṣe, ó kọ ẹ̀yìn sí mi pátápátá. Títí di òní, nígbà tí mo bá ń ro ohun rere tí ènìyàn ti ṣe fún mi, ẹ̀yìn yẹn ni mo máa ń rí.

Màmá wo sírínjì, ó wo ojú mi. Ó bọ́ jígí rẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ ìborùn, ó nà án sí mi.

Mo ti oògùn náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Sístà ti kọ́ mi pé kí n má tẹjú mọ́ sírínjì jù, ojú ènìyàn ni kí n máa wò, òun ló ń sọ bí oògùn ṣe rí. Nítorí náà, ojú Màmá ni mo ń wò, òun náà sì ń wo tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò rí láti ọjọ́ tó ti dé. Ẹ̀rù ń ba obìnrin náà. Kò sí ìgbéraga kankan níbẹ̀; ẹ̀rù lásán ni. Ẹni tó ti ń pàṣẹ láti ìgbà èwe rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé wọ́n lè gé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n tì í wọ ilé àjèjì, ọmọ àkọ́kọ́ tó bá pàdé níbẹ̀ sì ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èmi náà ìbá fa ọwọ́ mi sábẹ́ aṣọ.

Nígbà tí mo parí, tí mo fi omi iyọ̀ ṣan ọ̀nà náà, ó ní, "Ṣé o ti ṣe tán?"

"Mo ti ṣe tán, mà."

"O lè sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Mo lè sọ̀rọ̀, mà."

Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má baà gbọ́. "Ṣé wọn ò ní gé e?"

Mi ò parọ́ fún un. Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n oògùn yín kò ní yẹ̀. Láàárọ̀ Sístà, lọ́sàn-án èmi." Ó mi orí. Ó ní ó dára. Ó ní kí n lọ jẹun, pé ojú mi ti funfun.

Kò yẹ̀. Ọ̀sán kọ̀ọ̀kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, Màmá a máa ní kí wọ́n gbé òun wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, á wọ jígí rẹ̀, á máa wo ọwọ́ mi. Ó di olùṣọ́ tó le jù lọ tá a ní. Dókítà kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, Màmá ní kó padà sẹ́yìn. Wọ́n yọ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà, kò sí ọgbọ́n tá a lè dá sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n dúdú náà dúró níbi tó dé, ẹran tuntun tó pupa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ egbò. Lọ́jọ́ tí Sístà tú aṣọ egbò náà tó rí i, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, ohun tó kà léèwọ̀ fún gbogbo wa, àwọn méjèèjì sì di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Ọjọ́ tí Màmá ń lọ sílé, mo ti pinnu ohun tí mo máa sọ. Mo ti to àdúrà pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tètè dé, aláìsàn tuntun kan sì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ara rẹ̀ ń gbóná, oògùn rẹ̀ kò lè dúró. Mo kí gbogbo wọ́ọ̀dù, mo fọ ọwọ́, mo kọjú sí tábìlì.

Ìgò wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ wọn tí wọ́n dìde. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, a ti fẹ́ máa..." ó sì dákẹ́. Mo rí wọn nínú gíláàsì fèrèsé. Màmá ti fi ìka lé ètè. Ó fi ọwọ́ kan di ọmọ rẹ̀ mú lápá, kò gun kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó sì ń gba ẹ̀yìn mi kọjá lọ, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ kó má baà dá mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan ń tẹ ilẹ̀ gan-an, ọ̀kan ń rọra tẹ ilẹ̀, títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà.

Omijé bò mí lójú. Mi ò lè ka ara ìgò náà. Mo dúró, mo jẹ́ kí ojú mi gbẹ, mo sì kà á.